Ohun tí ojú mi kọ́kọ́ rí ní gúúsù Íńdíà

Ìtòkú, Abẹ́òkúta.

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín kú iṣẹ́ takuntakun. Ọmọ Abẹ́òkúta ni mí, mo sì ń kàwé gba oyè kejì nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní ìlú Chennai, ní gúúsù orílẹ̀-èdè Íńdíà. Láti ìgbà tí mo ti wálé fún ìsinmi, ó ṣòro kí n rìn láti Ìtòkú dé Ṣápón láìjẹ́ pé bàbá tàbí ìyá kan dá mi dúró láti béèrè bí òun ṣe lè rán ọmọ òun lọ síbẹ̀, iye tí wọ́n ń gbà nílé ìwé, irú oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, àti bóyá àwọn ará ibẹ̀ a máa fi ojú rere wo àwa aláwọ̀ dúdú. N kò lè jókòó ti gbogbo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀ yín kí ẹ fún mi láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín.

N óò dáhùn àwọn ìbéèrè wọ̀nyí níwọ̀n tí mo bá lè dáhùn wọn, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí mo rí, kò sí ẹni tó tíì béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi: ọ̀rọ̀ èdè ni. Íńdíà tí a mọ̀ níhìn-ín, Íńdíà inú fíìmù ni, èdè Hindi, tí àwọn ará àríwá ibẹ̀ ń sọ, ni wọ́n sì fi ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn fíìmù tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ìyá wa a máa kọ orin inú wọn láìmọ ohun tí orin náà ń sọ. Nítorí náà, tí ẹnìkan bá ń múra àtilọ sí Chennai tàbí àwọn ìlú gúúsù mìíràn bíi Bengaluru àti Kochi, gbólóhùn Hindi ni yóò máa fi fóònù kọ́. Nígbà tí ó bá débẹ̀ tán, yóò rí i pé ọlọ́kọ̀ kò dá òun lóhùn, pé obìnrin tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń wo òun lójú lásán, àti pé àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí wọ́n gbọ́ Hindi ọ̀hún dáadáa, ṣùgbọ́n tí wọn kò ní fi dá ẹnikẹ́ni lóhùn láéláé.

Ìpínlẹ̀ márùn-ún ni gúúsù Íńdíà: Tamil Nadu (níbi tí Chennai wà), Kerala, Karnataka, Andhra Pradesh àti Telangana, èyí tí wọ́n yọ lára Andhra Pradesh ní ọdún 2014. Tamil ni wọ́n ń sọ ní ti àkọ́kọ́, Malayalam ní Kerala, Kannada ní Karnataka, Telugu sì ni ti méjì tó kù. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni èdè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọn kò sì bá Hindi tan. Olúkúlùkù wọn ló ní ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó mọ ti Chennai kà kò ní lè ka pátákó ojú pópó ní Hyderabad, olú ìlú Telangana. Èdè ni wọ́n fi pààlà àwọn ìpínlẹ̀ náà, kò sì rọrùn. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1952, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Potti Sreeramulu gbààwẹ̀ títí ó fi kú ní Madras, ìlú tí wọ́n sọ di Chennai ní ọdún 1996, nítorí pé ó fẹ́ kí àwọn tí ń sọ Telugu ní ìpínlẹ̀ tiwọn. Ìjọba fún wọn ní ìpínlẹ̀ náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ó sì di ọdún 1956 wọ́n ṣe òfin tí ó tún àwọn ìpínlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà tò ní ìbámu pẹ̀lú èdè. Ní ọdún 1965, nígbà tí wọ́n fẹ́ sọ Hindi di èdè ìjọba àpapọ̀ kan ṣoṣo, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta ní Madras àti àwọn ìlú mìíràn, ẹ̀mí ṣòfò, ìjọba sì fi òfin gbe Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ní ọdún 1967 pé kí ó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ pẹ̀lú Hindi. Ẹni tí kò bá mọ ìtàn yìí yóò rò pé agídí lásán ni àwọn ará ibẹ̀ ń ṣe.

Ọmọ Íńdíà ni ẹni tí wọ́n fi mí sí yàrá kan náà pẹ̀lú rẹ̀ ní ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, láti ìpínlẹ̀ Bihar ní apá àríwá. Ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti rí ògbufọ̀. Òun ni ó kọ́kọ́ ní kí n jọ̀wọ́ kí n bá òun lọ ra síìmù fóònù, nítorí pé òun kò gbọ́ èdè ìlú yìí rárá, ẹ̀rù sì ń ba òun. Àjèjì méjì ni a dé ìsọ̀ náà. Ẹni tó ń tajà bi ọmọ Bihar náà níbi tó ti wá kí ó tó bi èmi, Gẹ̀ẹ́sì tí kò délẹ̀ ni àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì fi parí ọ̀rọ̀. Mo ti rí irú rẹ̀ rí nílé, nígbà tí ọmọ Ẹ̀gbá bá lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ ní Sókótó tí ó sì ń fi ọwọ́ júwe omi mímu. N kò kàn mọ̀ pé irú rẹ̀ wà ní Íńdíà ni.

Ní àárọ̀ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì ìjọba lọ sí ilé ìwé, mo dúró ní ibùdókọ̀, mo ń wo iwájú bọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan bí ó ti ń dé. Nọ́ńbà nìkan ni mo lè kà. Ibi tí bọ́ọ̀sì ń lọ àti ibi tí yóò gbà kọjá, Tamil ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ rí róbótó-róbótó, kò sì sí èyí tí mo lè dá mọ̀ nínú wọn. Ọmọdébìnrin kan tí ó wọ aṣọ ilé ìwé, tí ó di irun rẹ̀ sí ọ̀nà méjì pẹ̀lú rìbọ́ọ̀nù, ka gbogbo rẹ̀ fún mi. Nínú bọ́ọ̀sì, kọ̀ńdọ́kítọ̀ ká owó bébà sáàárín àwọn ìka rẹ̀, ó gbé báàgì awọ kọ́ apá, fèrè ni ó sì ń fọn tí ó bá fẹ́ kí awakọ̀ dúró tàbí kí ó máa lọ. Àgbà àti ọmọdé ń pè é ní “anna”, bí a ti í pe ènìyàn ní bọ̀ọ̀dá níhìn-ín. Àwọn obìnrin kì í sanwó nínú bọ́ọ̀sì gbáàtúù láti ọdún 2021, ohun tí mo rò pé ó yẹ kí àwọn alákòóso tiwa gbọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí n kò lè mú ojú kúrò lára rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sókè lẹ́yìn awakọ̀: ìlà méjì láti inú ìwé ọgbọ́n àtijọ́ kan tí àwọn Tamil ń bọlá fún gidigidi, tí gbogbo ẹsẹ rẹ̀ sì jẹ́ onílà méjì-méjì, 1,330 ní iye. Nínú bọ́ọ̀sì ìjọba ni o, kì í ṣe ní yunifásítì.

Ní tòsí ibi tí a ti ń sọ̀kalẹ̀ ni ìsọ̀ onítíì kan wà. Ọkùnrin náà a gbé ife kan sókè, a gbé ìkejì sílẹ̀, a sì máa da tíì gbígbóná láti inú ọ̀kan sínú èkejì títí yóò fi hó, kí ó tó bù ú sínú ife gíláàsì kékeré. Ìwé ìròyìn Tamil wà lórí àga rẹ̀ ní gbogbo àárọ̀, owó ara rẹ̀ ni ó sì fi ń rà á fún àwọn oníbàárà. Wọn a tú u sí ewé, ẹni tí ó gba ewé eré ìdárayá yóò jókòó síbí, ẹni tí ó gba ti òṣèlú yóò dúró sọ́hùn-ún. Mo rí ọlọ́kọ̀ Márúwá kan, pẹ̀lú aṣọ kakí rẹ̀ tí bọ́tìnnì òkè ti já, tí ó ń ka ìròyìn sókè fún bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, bàbá náà ń já ọ̀rọ̀ gbà, ó ń bá ẹni tí wọ́n kọ nípa rẹ̀ jà bí ẹni pé ó wà níwájú rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lọ sí ilé ìwé gíga. (Kẹ̀kẹ́ tí ọkùnrin yìí ń wà, irú rẹ̀ kún Lafẹ́nwá, ilé iṣẹ́ TVS tó ń ṣe é, Chennai ni oríkò rẹ̀ wà.)

Ẹ jọ̀wọ́, Olóòtú, ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ìsọ̀ onítíì yìí, nítorí pé iṣẹ́ yín ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ní ọdún 1942, agbẹjọ́rò kan tí ń jẹ́ S. P. Adithanar dá ìwé ìròyìn Dina Thanthi sílẹ̀ ní ìlú Madurai, ní Tamil Nadu. Kì í ṣe òun ni ìwé ìròyìn Tamil àkọ́kọ́. Ohun tí ó ṣe ni pé ó kọ ìròyìn ní èdè tí ẹni tí ń ta tíì àti ẹni tí ń gẹrun lè kà láìbi ẹnikẹ́ni, àwọn ibi ìtatíì àti ibi ìgẹrun sì ni ìwé náà fi ṣe ilé. Títí di òní, ó wà lára àwọn ìwé ìròyìn tí wọ́n ń tà jù ní gbogbo Íńdíà. Ní Kerala, Malayala Manorama ti wà láti ọdún 1888, ó sì ṣì ń jáde lójoojúmọ́.

Nígbà tí mo sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé ìlú tiwa ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá, wọn kò kọ́kọ́ gbà mí gbọ́. Mo sọ fún wọn pé ní ọjọ́ kẹta oṣù Kejìlá ọdún 1859 ni Henry Townsend gbé Ìwé Ìròyìn jáde fún àwọn ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ní Abẹ́òkúta, ìyẹn ọdún 83 ṣáájú ti Madurai. Ọ̀kan nínú wọn béèrè èyí tí à ń kà báyìí ní ìlú náà láràárọ̀. Mo ní ó dáwọ́ dúró ní ọdún 1867, nígbà ìjà tí ó lé àwọn òyìnbó míṣọ́nnárì kúrò nílùú. Ó ní òun mọ ìyẹn, òun ti gbọ́, ti ìsinsìnyí ni òun ń béèrè. Mo dárúkọ ìwé ìròyìn yín àti àwọn mìíràn tí ń jáde lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀, mo sì dákẹ́ níbẹ̀, nítorí tí ó bá béèrè iye àwọn ẹgbẹ́ mi tí ń kà wọ́n, n kò ní rí èsì rere fún un.

Nípa ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, n óò sọ òtítọ́ bí ó ti rí. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ìkọ́ni ní àwọn yunifásítì ńláńlá, ẹni tí ó bá lọ kò ní láti bẹ̀rù ìyẹn. Wọ́n ka wíwá sí kíláàsì sí púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwé, ẹni tí kò bá wá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kò ní jókòó ṣe ìdánwò, ẹ̀bẹ̀ kì í sì í ràn án. Iṣẹ́ tí a ń ṣe láàárín ọdún ní máàkì tirẹ̀, nítorí náà kò sí pé ènìyàn ń sùn títí ìdánwò yóò fi ku ọ̀sẹ̀ méjì. Fífi ìyà jẹ ọmọ tuntun, tí àwọn àgbà akẹ́kọ̀ọ́ máa ń ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti fi òfin dè é pátápátá ní ọdún 2009, pátákó ìkìlọ̀ rẹ̀ sì wà lára ògiri káàkiri. Ẹ̀kọ́ ti pẹ́ níbẹ̀: ọdún 1857 ni wọ́n dá Yunifásítì Madras sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní kíláàsì wa. Olùkọ́ wa kan ń kọ́ wa ní bí kọ̀ǹpútà ṣe ń wá ohun kan ṣoṣo rí láàárín ẹgbàágbèje. Ó ya igi kan sójú pátákó, ó kọ orí rẹ̀ sí ìsàlẹ̀, ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé ẹ̀ka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó wo ojú wa, ó rí i pé kò yé púpọ̀ nínú wa. Ó gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ó yí sí Tamil. Láìpẹ́, ẹni tó ti dorí kodò gbé orí sókè, ẹnìkan rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn béèrè ìbéèrè, òun náà fi Tamil dáhùn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí wọn sí ọ̀tún àti òsì, èyí tí ó túmọ̀ sí “bẹ́ẹ̀ ni” lọ́dọ̀ wọn, tí ó sì máa ń dàbí “rárá” lójú àlejò. Èmi àti ọmọ Bihar wo ara wa. Inú bí mi gan-an ní ọjọ́ náà, mo sì ṣì rò pé kò tọ́ kí wọ́n gba owó lọ́wọ́ ọmọ àlejò kí wọ́n sì máa kọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́yìn rẹ̀. A kọ̀wé sí ẹ̀ka wa nípa rẹ̀, wọ́n sì ṣètò pé kí wọ́n máa tún irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ṣe fún wa ní Gẹ̀ẹ́sì. Òbí tí ó bá ń rán ọmọ lọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé irú rẹ̀ lè ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí inú mi rọ̀, ìbéèrè mìíràn ni ó gbà mí lọ́kàn. Níhìn-ín, tí olùkọ́ bá fi Yorùbá ṣàlàyé irú nǹkan bẹ́ẹ̀, a óò ní kò kàwé tó. Ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo lọ, wọ́n máa ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n bá gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ nínú ọgbà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo ń sọ pé gbogbo ará Tamil Nadu ló kẹ̀yìn sí Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn òbí tiwọn náà ń sáré gbé ọmọ lọ sí ilé ìwé aládàáni tí wọ́n ti ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, wọ́n ń jẹ gbèsè nítorí rẹ̀, ẹnu wọn a sì máa yangàn bí ti àwọn tiwa nígbà tí ọmọ bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì níwájú àlejò. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ìjọba ìpínlẹ̀ náà ti pinnu láti ọdún 1968 pé Tamil àti Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn ilé ìwé àwọn yóò máa kọ́, wọ́n sì ṣòfin ní ọdún 2006 pé ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́ Tamil títí dé kíláàsì kẹwàá, ibi yòówù kí àwọn òbí rẹ̀ fi sí. Karnataka ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ fún Kannada ní ọdún 2015, Kerala fún Malayalam ní ọdún 2017. Ní ọdún 2010, Yunifásítì Anna ní Chennai tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Tamil kọ́ àwọn kan ní iṣẹ́ ẹ̀rọ àti iṣẹ́ ìkọ́lé. Nítorí náà, ọmọ kíláàsì mi tí ó ń retí iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já gaara ju tèmi lọ, a máa fi Tamil kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ lórí fóònù, pẹ̀lú lẹ́tà Tamil gan-an. Mélòó nínú wa ni ó lè kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí ìyá rẹ̀ ní Yorùbá tí yóò fi àmì sí i bó ti yẹ?

Oúnjẹ kò yẹ kí ó gba àyè púpọ̀. Ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ jù, ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sì ń bù ú sí níbi ayẹyẹ. Ìdlì jẹ́ ìrẹsì àti ẹ̀wà tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n jẹ́ kí ó kan, tí wọ́n sì fi ooru omi sè. Vada sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ àkàrà tí wọ́n dá ihò sí láàárín. Ata wọn kò lè ṣe ọmọ Ẹ̀gbá ní nǹkankan. Ohun tí yóò yọ ọ́ lẹ́nu ni pé ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í se ẹran rárá, àwọn mìíràn kì í se ẹyin pàápàá. Gbágùúdá pọ̀ ní gúúsù Íńdíà. Ní Kerala wọ́n ń sè é jẹ pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja, ní agbègbè Salem ní Tamil Nadu wọ́n fi ń ṣe ságò, ìyẹn hóró funfun kéékèèké tí wọ́n ń sè jẹ, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ tí ó ronú kan láfún. Ẹ di díẹ̀ sínú àpótí ọmọ yín.

Ti ìwé àti ìrìnnà náà kò ṣòro bí ènìyàn bá ti mọ̀ ọ́n ṣáájú. Káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú ṣe dandan fún ẹni tó bá ti Nàìjíríà wọlé, kí ó sì jẹ́ ojúlówó, nítorí wọ́n lè ti ènìyàn mọ́ ibì kan fún ọjọ́ mẹ́fà tí kò bá ní i. Ẹni tí físà ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ju ọjọ́ 180 lọ gbọ́dọ̀ fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba láàárín ọjọ́ mẹ́rìnlá tí ó dé, orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ni wọ́n ti ń ṣe é nísinsìnyí. Owó fóònù ni wọ́n ń ná níbi gbogbo, títí dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta àgbọn, nítorí náà kí ọmọ tètè ṣí àkáǹtì. Aago wọn fi wákàtí mẹ́rin àti ààbọ̀ ṣáájú tiwa. Ẹ má ṣe pe ọmọ yín ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ kí ẹ sì máa bínú pé kò gbé fóònù. Àjọ ìjọba Íńdíà tí wọ́n ń pè ní ICCR, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1950, a máa fún àwọn ọmọ ilẹ̀ òkèèrè ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Kí àwọn òbí kọ́kọ́ wádìí ìyẹn kí wọ́n tó ta ilẹ̀.

Ní ti àwọ̀, n kò ní fi ọ̀rọ̀ bò. Àwọn ará Tamil fúnra wọn dúdú, ọ̀pọ̀ nínú wọn dúdú jù mí lọ, síbẹ̀ ìpara tí ń bóra kún ìsọ̀ wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti kún ọjà Kútọ̀. Wọn yóò máa wo ènìyàn lójú pópó láìṣẹ́jú. Àwọn ọ̀dọ́ yóò ní kí ẹ jọ ya fọ́tò. Àwọn ọmọdé yóò fẹ́ fọwọ́ kan irun yín. Èyí kò dun ènìyàn pẹ́. Èyí tí ó dunni ni ilé gbígbà. Onílé yóò bá ènìyàn sọ̀rọ̀ dáadáa lórí fóònù, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá rí i lójúkojú, ilé ti di gbígbà. Ní oṣù Kìíní ọdún 2016, àwọn èrò kan lu akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan láti Tanzania ní Bengaluru nítorí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, àwọn ọmọ Áfíríkà tó wà níbẹ̀ kò sì tíì gbàgbé. Mo rí i pé nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi Tamil kí àwọn ará àdúgbò, tí mo sì ń pe ìyá tó wà nísàlẹ̀ ilé ní “amma”, ojú tí wọ́n fi ń wò mí yàtọ̀. Ìyá náà ni ó bá mi sọ fún onílé tí mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nísinsìnyí. Sísọ èdè wọn kì í wo gbogbo rẹ̀ sàn. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ní owó díẹ̀ láti fi kọ́ ọmọ yín ní èdè kí ó tó lọ, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìlú tó ń lọ, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò kọ́ ọ ní èdè ìlú yẹn.

Èyí ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, Olóòtú. Àwọn kan yóò sọ pé àwọn Tamil pọ̀, ìdí nìyẹn tí èdè wọn fi lágbára. Òótọ́ ni pé ìkànìyàn ọdún 2011 fi hàn pé mílíọ̀nù 72 ni àwọn tó wà ní Tamil Nadu, ṣùgbọ́n àwa náà kò kéré níye. Àwọn mìíràn yóò sọ pé a ti gbìyànjú. A gbìyànjú lóòótọ́: ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ wọn yàtọ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, àwọn ọmọ náà kò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ìjọba Èkó ṣòfin ní ọdún 2018 pé kí wọ́n máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé ìwé. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022 pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi máa kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e. Ohun tí mo kọ́ ní Chennai ni pé àwọn ènìyàn Tamil Nadu kò dúró de ìjọba àpapọ̀ Íńdíà. Ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n ń bá jà. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn jókòó sí Òkè Mọ́sàn, kò jìnnà.

Ẹ̀bẹ̀ tèmi sí yín kéré ju òfin lọ. Gbogbo wa ni a mọ àwọn tí ń pé jọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ní Kútọ̀ àti ní Pánṣẹ́kẹ́ láràárọ̀, tí wọ́n ń ka àkọlé iwájú lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń bá ara wọn jiyàn títí ọ̀nà ọ́fíìsì yóò fi pè wọ́n. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ni ó pọ̀ jù níwájú wọn, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń jiyàn lórí rẹ̀. Bí ẹ bá lè fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún àwọn onítíì àti oníbúrẹ́dì kan ní ìlú yìí ní ìdajì owó, tàbí lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìwọ̀nba oṣù, kí ẹ wo bóyá wọn yóò máa rà á fúnra wọn lẹ́yìn náà, mo rò pé kò ní pa yín lára. Mo ti bá méjì sọ̀rọ̀, ọ̀kan ní Aké, ọ̀kan nítòsí afárá Lafẹ́nwá. Wọ́n ní àwọn yóò gbé e sórí àga fún àwọn oníbàárà àwọn, bí ó bá ti lè dé ọ̀dọ̀ àwọn kí aago méje tó lù, nítorí lẹ́yìn ìyẹn àwọn ọ̀kadà àti òṣìṣẹ́ ti lọ tán. N óò fi àdírẹ́sì wọn ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín kí n tó padà sí Chennai.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Ìtòkú